Ṣé o mọ̀ pé orúkọ fáìlì kì í gbé inú fáìlì?

Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, inú fódà ni orúkọ fáìlì máa ń wà, pẹ̀lú nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí fáìlì náà. Ìdí nìyẹn tí fídíò wákàtí mẹ́ta fi ń gba orúkọ tuntun wéré bíi ti lẹ́tà olójú-ìwé kan: kò sí ohun tó kúrò níbi tó wà.

Ṣé o mọ̀ pé kámẹ́rà kì í kà kọjá 9999? Nọ́ńbà mẹ́rin péré ni ìlànà tí àwọn kámẹ́rà ń tẹ̀ lé fi sílẹ̀ lára orúkọ àwòrán. Tí IMG_9999 bá kọjá, ó di IMG_0001 padà. Ayàwòrán tó fẹ́ kó òde méjì sínú fódà kan ní láti kọ́kọ́ pààrọ̀ orúkọ wọn. Ìlà kan tó:

rename 's/^IMG_/Igbeyawo-Ondo-/' *.JPG

Gbogbo orúkọ tó bá fi IMG_ bẹ̀rẹ̀ ni yóò yí padà, ìbáà jẹ́ mẹ́wàá, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án.

Ọwọ́ Larry Wall ni irú rename yìí ti wá, òun náà ló gbé èdè Perl jáde lọ́dún 1987. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ló kọ́ ní Berkeley. Ohun tó wà lọ́kàn òun àti ìyàwó rẹ̀ ni láti wá èdè tí a kò tíì máa kọ sílẹ̀, bóyá ní Áfíríkà, kí wọ́n sì ṣe ìlànà ìkọsílẹ̀ fún un. Àìlera ni kò jẹ́ kí wọ́n lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ìwádìí nípa iṣan ọpọlọ ló bí ọgbọ́n fífi àpèjúwe bíi ^IMG_ wá ọ̀rọ̀? Lọ́dún 1951, Stephen Kleene ń wo ohun tí ẹ̀rọ tó fara jọ iṣan ọpọlọ lè dá mọ̀. Ken Thompson sì fi iṣẹ́ Kleene wá ọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1968.

Èyí tó kàn wá jù rèé. Tí o bá ní kí Perl wá [a-z], kò ní rí ẹ, ọ tàbí ṣ. Nọ́ńbà ló ń tẹ̀ lé: z jẹ́ 122 nínú Unicode, ẹ jẹ́ 7865. Ẹ́ tó lámì ohùn tiẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ rárá. Àkópọ̀ ni, ó sì lé ní ọ̀nà kan tí a lè gbà kó o jọ. Nítorí náà, Ọ̀ṣun.jpg méjì lè jókòó sínú fódà kan, kí ojú má lè yà wọ́n sọ́tọ̀, kí àpèjúwe tó rí ọ̀kan má sì rí èkejì. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ àkójọ àwòrán àti orin wa ló wà báyìí.

Ètò kan wà tó ń jẹ́ convmv. Tí o bá fi --nfc sí i, yóò sọ gbogbo orúkọ bẹ́ẹ̀ di oríṣi kan. Kò sì ní fọwọ́ kan fáìlì kankan lákọ̀ọ́kọ́: yóò to ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ fún ọ, ìgbà tí o bá kọ --notest ló tó ṣe é. Rename náà ní -n fún irú àyẹ̀wò yìí.