Ọmọ Tó Wà Lẹ́yìn Pátápátá: Bí Iṣẹ́ Ọnà Ṣe Lè Kọ́ Ọmọdé ní Àjọṣepọ̀ àti Ìbánikẹ́dùn

Bí ẹ bá ti lọ síbi ayẹyẹ òpin ọdún ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí, ẹ ó ti rí i: ọmọ mẹ́ta tó mọ ijó jó wà níwájú, ìyókù tò sẹ́yìn, wọ́n kàn ń ju ọwọ́. Àwọn òbí ń ya fọ́tò, a sì ń sọ pé àwọn ọmọ ti kọ́ ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Ṣé lóòótọ́ ni? Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, ẹ̀yìn ni wọ́n tò mí sí. Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé bí mo bá yọ́ kúrò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Kì í ṣe gbogbo eré ló ń kọ́ ọmọ ní àjọṣepọ̀. Eré tó lè lọ geere láìsí ọmọ kan kò lè kọ́ ọmọ yẹn pé òun wúlò.

Ẹ wo ẹgbẹ́ onídùndún. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, òun ni gbogbo ènìyàn ń wò. Ṣùgbọ́n gúdúgúdú wà níbẹ̀, ìlù kékeré olójú kan tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn, tí wọ́n sì ń fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lù. Kì í pòwe bí ìyáàlù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa dún bákan náà láìyẹ̀, kí àwọn yòókù lè rí ibi tẹsẹ̀ lé. Kẹríkẹrì, ìsáájú àti kànnàngó náà ní ipa tiwọn.

Olùkọ́ tí kò ní ìlù lè fi agolo, pátákó àti àtẹ́wọ́ ṣe irú rẹ̀. Kó pín kíláàsì sí ẹgbẹ́ mẹ́rin, kó fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlù tirẹ̀, kó wá ní kí ẹgbẹ́ kan dákẹ́. Àwọn ọmọ á gbọ́ àlàfo náà fúnra wọn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pààrọ̀ ipò.

Ìbánikẹ́dùn ńkọ́? Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fẹ́ fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ohun tí eré ìtàgé ń ṣe gan-an nìyẹn. Ẹ mú àlọ́ Ìjàpá àti Ajá tí wọ́n lọ jí iṣu nígbà ìyàn. Ajá mú ìwọ̀nba, ó sá lọ. Ìjàpá di ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ, ó sì bọ́ sọ́wọ́ olóko. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe é, ègbè orin sì wà fún gbogbo kíláàsì. Kí ẹni tó ṣe Ìjàpá wá di olóko, kí Ajá di Ìjàpá. Ẹ bi wọ́n pé: “Kí ló wà lọ́kàn rẹ nígbà tí Ajá sá lọ? Olóko, kí lo máa jẹ lọ́la?” Ọmọ tó ti ń fi Ìjàpá rẹ́rìn-ín á dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn.

Olùkọ́ náà lè wọ inú eré. Dorothy Heathcote (1926–2011), tó kọ́ àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbajúmọ̀ fún ọ̀nà yìí. Bí olùkọ́ bá di olóko tó ń sunkún iṣu rẹ̀, àwọn ọmọ ni yóò wá ọ̀rọ̀ ìtùnú fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ẹ má fi ọmọ tí wọ́n ti ń pè ní olè tàbí wọ̀bìà ṣe Ìjàpá. Orúkọ náà lè lẹ̀ mọ́ ọn. Bí eré bá sì parí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dárúkọ ara rẹ̀, kó lè bọ́ ipa náà sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ fún TP, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti ń kọ́ni, kí ẹ tó to àwọn ọmọ sórí ìtàgé, ẹ wo ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá. Ẹ bi ara yín pé: bí ọmọ yìí ò bá wá lọ́la, kí ló máa bàjẹ́ nínú eré yìí? Bí kò bá sí, ẹ tún eré náà tò.