Ìlù Tí Allen Lù ní Berlin

Ẹ̀yin òbí wa ní Steilshoop, bí orin rọ́ọ̀kì alájáàsì àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá gba àwọn ọmọ yín lọ́kàn, ẹ má ṣe tètè bínú. Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream, wá Fẹlá dé Èkó. Àwo tí wọ́n jọ ṣe jáde ní 1971. Ní 1978, níbi àjọ̀dún jáàsì ní Berlin, Baker àti Tony Allen, ọmọ Èkó, jọ lùlù fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 16. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ ọ. Lójú tèmi, ọwọ́ Baker wúwo. Ti Allen fúyẹ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì máa dá ara wọn lóhùn bí ìyáàlù àti omele. Baker kú ní 2019, Allen ní 2020. Àwo ló kù.