Nígbà Tí Ilé Wa Di Olùgbàlejò Eré: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Òbí Tí Ẹ Wà ní Ẹ̀yìn Odi

Nígbà tí àwọn bàbá wa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Òkè Ọya láti ṣòwò àti láti ṣiṣẹ́ ọwọ́, díẹ̀ nínú wọn ni ó ní adírẹ́sì tirẹ̀. Ará ilé tí ó bá fẹ́ kọ̀wé sí wọn yóò kọ orúkọ wọn, yóò sì fi kún un pé ‘nípasẹ̀’ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ báyìí tàbí ilé-iṣẹ́ báyìí, àti nọ́ńbà àpótí ìfìwéránṣẹ́ kan tí ogún ènìyàn jọ ń lò. Lẹ́tà tí àwọn fúnra wọn bá fi ránṣẹ́ máa ń dé ilé láìsí wàhálà. Èyí tí a bá kọ sí wọn ni ó máa ń há sí ọ̀nà, nítorí pé ẹni tí ó di kọ́kọ́rọ́ àpótí náà mú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n, kí ó sì rántí láti ránṣẹ́ pè wọ́n. Mo bẹ ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n pé kí ẹ fi àpótí yìí sí ọkàn, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò jìnnà sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni.

Ní ọjọ́ kan nínú ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 13, wá bá mi níbi tí mo jókòó sí ní iwájú ilé wa ní Kàdúná. Ó ní, ‘Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lo kọ̀ǹpútà yín àtijọ́ tí ẹ kò lò mọ́.’ Mo bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ fi í ṣe. Ó ní òun fẹ́ fi í ṣe ilé fún eré tí òun àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, àti ọmọ àbúrò mi tí ó wà ní Jọ́ọ̀sì, jọ ń ṣe.

Minecraft ni orúkọ eré náà. Ọmọ ilẹ̀ Sweden kan, Markus Persson, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2009. Ní ọdún 2014 ilé-iṣẹ́ Microsoft ra ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín ní bílíọ̀nù 2.5 dọ́là ti Amẹ́ríkà. Eré ìkọ́lé ni. Igi, òkúta, amọ̀ àti irin inú rẹ̀, bí búlọ́ọ̀kù onígun mẹ́rin ni gbogbo wọn rí. Ọmọ yóò máa wà wọ́n nílẹ̀, yóò sì máa tò wọ́n léra títí wọn yóò fi di ilé, afárá, tàbí odidi ìlú. Ẹnì kan ṣoṣo lè ṣe é, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ ni kí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ wà nínú ayé kan náà. Kí èyí tó lè rí bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà kan gbọ́dọ̀ wà níbì kan tí yóò máa tọ́jú ayé náà, tí yóò máa rántí ibi tí olúkúlùkù dúró sí àti ohun tí ó fi ọwọ́ kàn. Òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní server. Èmi yóò máa pè é ní olùgbàlejò, nítorí pé iṣẹ́ tí ó ń ṣe gan-an nìyẹn.

Olùgbàlejò àwọn àjèjì ni àwọn ọmọ náà ti ń lò tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo jókòó tì wọ́n, ẹnì kan tí a kò mọ̀ rí dé, ó wó ilé tí wọ́n ti fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́, ó sì bú wọn lé e. Síbẹ̀, kì í ṣe ìyẹn nìkan ni ó mú mi gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ ní ẹ̀yìn odi mọ ohun tí mo ń sọ. Hausa ni ọmọ mi ń sọ ní àdúgbò, Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sọ ní ilé-ẹ̀kọ́; bí mo bá bá a sọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n bí òun àti àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ bá ti pe ara wọn lórí fóònù, tí eré sì wọra tán, mo máa ń gbọ́ ọ tí ó ń pariwo pé, ‘Bọ̀ọ̀dá, ẹ dúró dè mí! Ẹ má wà ibẹ̀, iná wà lábẹ́ rẹ̀!’ Owó tí mo ti ná lórí olùkọ́ Yorùbá kò mú irú èyí jáde rí. Mo dìde, mo lọ gbọn eruku ara kọ̀ǹpútà náà nù.

Mẹ́mọ́rì 4 GB ni kọ̀ǹpútà ọ̀hún ní, ó sì tó fún ọmọ mẹ́rin. Ọ̀fẹ́ ni ètò olùgbàlejò wà lórí ìkànnì àwọn tí ó ni Minecraft, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ti ra eré náà fúnra rẹ̀. A fi Java sí i, tí í ṣe ètò tí ó ń gbé e ró, a sì tan án. Ó kú lójú ẹsẹ̀. Ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, kò mọ̀ pé ó fi fáìlì kékeré kan sílẹ̀ tí ń jẹ́ eula.txt, tí ó ń béèrè bóyá a fara mọ́ àdéhùn àwọn tí ó ni ín. A yí false ibẹ̀ padà sí true, a tún un tàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá òkè, odò àti igbó lójú wa. Ìgbà 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ó ń ṣe ìṣirò gbogbo ohun tí ó wà nínú ayé náà. Bí kọ̀ǹpútà bá ti gbó, kò ní lè bá ìṣirò yìí mu, eré yóò sì máa wọ́ bí ẹni tí ń rìn nínú ẹrẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi fún un ní 2 GB nínú mẹ́mọ́rì náà, tí a sì dín bí ojú eléré ṣe lè ríran jìnnà tó kù láti 10 sí 6.

Nínú ilé, gbogbo rẹ̀ dára. Ìgbà tí ó di pé kí a pe àwọn ará òkèèrè wọlé ni wàhálà dé.

Ẹ̀rọ tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé, ráútà, dàbí baálé tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà agbo-ilé. Adírẹ́sì kan ni agbo-ilé náà ní lójú ará ìta, ṣùgbọ́n nínú lọ́hùn-ún baálé ti fún yàrá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168. Irú nọ́ńbà yìí kan náà wà nínú àìmọye ilé káàkiri ayé, nítorí náà kò sí ará ìta tí ó lè fi í wá ọ kàn. Bí ẹni inú ilé bá ránṣẹ́ jáde, baálé yóò rántí ẹni tí ó ránṣẹ́, yóò sì gbé èsì lọ fún un. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá ṣàdédé kan ilẹ̀kùn, tí baálé kò mọ ẹni tí ó ń wá, yóò dá a padà ni.

A ní láti fi tó baálé létí. A wọ inú ráútà láti orí kọ̀ǹpútà, a yí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé-iṣẹ́ padà, a sì dá nọ́ńbà kan sọ́tọ̀ fún olùgbàlejò kí ó má baà máa yí padà. A wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá dé ilẹ̀kùn 25565, ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà yẹn ni kí baálé máa mú un lọ. Ilẹ̀kùn olónọ́ńbà yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní port. Minecraft ti orí kọ̀ǹpútà ni mo ń sọ; ti orí fóònù ní olùgbàlejò àti ilẹ̀kùn tirẹ̀ lọ́tọ̀, 19132.

A pe Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn kò rí ọ̀nà wọlé. A pe Jọ́ọ̀sì, bákan náà ni. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ń tú u, tí a ń tún un ṣe. Ní ọjọ́ kẹrin ni mo tó wo adírẹ́sì tí ráútà sọ pé òun ní lójú ará ìta, mo sì fi í wé èyí tí àwọn ìkànnì ń rí nígbà tí mo bá yọjú sí wọn. Wọn kò bára mu rárá. 100.72 ni ti ráútà fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ dáwọ́ lé iṣẹ́ yìí, àyẹ̀wò yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ má baà fi ọjọ́ mẹ́ta ṣòfò bíi tèmi.

Irú adírẹ́sì tí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, IPv4, kò ju bí i bílíọ̀nù 4.3 lọ, àwa ènìyàn inú ayé sì ti ju bílíọ̀nù 8 lọ. Ní oṣù Kejì ọdún 2011 ni àjọ IANA, tí ń pín in kárí ayé, fi ìpín tí ó kù sí i lọ́wọ́ fún àwọn àjọ ẹlẹ́kùnjẹkùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣe ni pé wọ́n ń fi adírẹ́sì kan ṣoṣo bo ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ oníbàárà. Ní ọdún 2012 a tilẹ̀ ya àwọn nọ́ńbà láti 100.64 títí dé 100.127 sọ́tọ̀ fún irú àṣà bẹ́ẹ̀. Àpótí ìfìwéránṣẹ́ ayé àtijọ́ ti tún dé nìyẹn. Baálé tèmi ti ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni ó di kọ́kọ́rọ́ àpótí mú, kò sì mọ̀ wá.

Mo lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tí mo ń ra íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wọn. Ọmọbìnrin tí ó dá mi lóhùn bọ̀wọ̀ fún mi, ṣùgbọ́n ó ní àwọn oníṣòwò ńlá nìkan ni àwọn ń ta adírẹ́sì àdáni fún. Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Adírẹ́sì tuntun tí ń jẹ́ IPv6 pọ̀ tó láti kárí gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà ní ìhà méjèèjì kí ó tó wúlò, kò sì sí ní ti Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọ̀nà tí a gbà yọ nìyí. Níwọ̀n ìgbà tí ẹni inú ilé lè jáde nígbàkígbà, kí ni kò ní jẹ́ kí ẹni méjì jáde láti ilé wọn wá pàdé ara wọn lọ́jà? Ètò tí ń jẹ́ Tailscale ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. A fi í sí olùgbàlejò, a sì fi í sí kọ̀ǹpútà ọmọ kọ̀ọ̀kan. Yóò mú wọn mọ ara wọn, yóò sì ṣe ọ̀nà kọ̀rọ̀ kan láàárín wọn tí ẹlòmíràn kò lè yọjú sí. Bí wọn kò bá lè pàdé tààrà, yóò fi alágbàtà sáàárín, eré yóò sì fà díẹ̀. Jọ́ọ̀sì ń bọ̀ tààrà. Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń gba ọ̀dọ̀ alágbàtà lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà bí ọmọ ibẹ̀ bá fọ́ òkúta, ó di ìgbà díẹ̀ kí òkúta tó mọ̀ pé òun ti fọ́. Wọ́n ti sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀ láàárín ara wọn.

Nígbà tí mo ronú sí i, mo rí i pé ọmọbìnrin ọ́fíìsì yẹn ṣe mí lóore láìmọ̀. Ẹni tí ó bá ní adírẹ́sì gidi, tí ó sì ṣí ilẹ̀kùn 25565, gbogbo ayé ni ó ṣí i fún, àwọn ètò kan sì wà tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán tòru. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 àléébù ńlá kan hàn nínú Log4j, ohun èlò tí Minecraft àti ọ̀pọ̀ ètò Java mìíràn fi ń ṣe àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn. Oníṣẹ́ ibi kò ní láti ṣe ju kí ó tẹ gbólóhùn kan sí ibi tí àwọn eléré ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà olùgbàlejò yóò sì máa jẹ́ iṣẹ́ tí ó bá rán an. Ní ọjọ́ 10 oṣù náà ni àwọn tí ó ni eré náà gbé àtúnṣe jáde, ẹ̀dà 1.18.1. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́; ẹni tí kò bá gba àtúnṣe ni ó fi ògiri tirẹ̀ sílẹ̀ ní yíyán.

Ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ráútà tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, ẹ má fojú kékeré wò ó. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kan ní Amẹ́ríkà ṣe ètò kan ní ọdún 2016 tí ń jẹ́ Mirai, tí ó ń mú ráútà àti kámẹ́rà tí àwọn onílé kò yí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé wọn padà lẹ́rú. Lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe ni kí wọ́n máa kọlu olùgbàlejò Minecraft àwọn ẹlòmíràn. Wọ́n jẹ̀bi lẹ́nu ara wọn nílé ẹjọ́ ní ọdún 2017.

Ní tiwa, ìwé orúkọ àlejò wà nínú olùgbàlejò, whitelist ni wọ́n ń pè é, orúkọ mẹ́rin péré ni ó sì wà níbẹ̀. Ọmọ mi bẹ̀ mí pé kí a pa èyí tí ń jẹ́ online-mode, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí kò tíì ra eré náà lè wọlé. N kò gbà. Òun ni ó ń rí i dájú pé ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní lágbájá, lágbájá ni lóòótọ́. Bí a bá pa á, ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ orúkọ ọmọ Jọ́ọ̀sì lè wọlé bí ọmọ Jọ́ọ̀sì.

Ó ku ọ̀rọ̀ iná. Kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ dára fún iṣẹ́ yìí nítorí pé bátìrì wà nínú rẹ̀. Ráútà ni kò ní, nítorí náà mo ra bátìrì kékeré kan tí ó lè gbé e fún ìgbà díẹ̀. Bí bátìrì bá ń tán lọ, kí wọ́n tẹ stop, kí olùgbàlejò lè kó ayé náà pamọ́ kí ó tó sùn. Bí ó bá kú lójijì, iṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe lè bà jẹ́. Ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé mo máa ń ṣe ẹ̀dà fáìlì ayé náà sórí fílááṣì. Wákàtí méjì ni mo fún wọn lójúmọ́, lẹ́yìn iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́, nítorí dátà tí ń jáde láti ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú owó ni.

Ní oṣù tí ó kọjá, ọmọ mi kọ́ ilé ìyá mi tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ sínú ayé náà. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ó ti dé ibẹ̀ láti ìgbà tí a ti bí i. Ó fi páànù tí ó ti pọ́n bò ó, ó gbin igi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì fi kànga sí iwájú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní, ‘Rárá o, ẹ̀yìn ilé ni kànga wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná.’ Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, wọ́n sì gbé fóònù fún ìyá àgbà. Ìyá mi ní kí wọ́n fi méjèèjì sí i, nítorí pé kànga kan ti wà ní iwájú ilé rí, bàbá wọn àgbà ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ, wọ́n sì dí i kí a tó bí èyíkéyìí nínú wọn. Èmi gan-an kò gbọ́ ọ rí. Wọ́n ń gbẹ́ ẹ lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ. Bátìrì gbé wọn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, ó sì ku díẹ̀ kí wọ́n kan omi nígbà tí mo ní kí wọ́n tẹ stop.