Ẹ̀bùn Ìwé Kíkọ Kì í Ṣe Àṣedànù

Bí ọ̀dọ́ kan ní Atosin, ní ilẹ̀ Ìdànrè, bá ń bẹ̀rù ìdíje ìwé kíkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó rántí olùkọ́ nì, D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí. Ìdíje tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìjọba pè ni ó bí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ilé ìtẹ̀wé C.M.S. tẹ̀ jáde ní 1938. Ní 1968, Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìdíje a máa fún òǹkọ̀wé ní ọjọ́ ìparí iṣẹ́ àti ẹni tí yóò kà á. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti àlùfáà, ẹ bá àwọn ọmọ wa ka àkọsílẹ̀ wọn, kí ẹ sì ṣọ́ wọn lọ́wọ́ àwọn gbájúẹ̀. Ẹ̀bùn tí a kò lò kò lè gbé ìjọ ró.