Tristan da Cunha: Ìlú Tí Ó Dá Wà Láàárín Òkun

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ńṣòwò káàkiri, ẹ mọ ohun tí à ńpè ní ọ̀nà jíjìn. Síbẹ̀ a rò pé ọ̀nà Tristan da Cunha yíò yà yín lẹ́nu. Inú òkun Atlantic ti ìhà gúsù ni àwọn erékùṣù yìí wà. Saint Helena tí ó súnmọ́ wọn jù nínú ibi tí ènìà tẹ̀dó sí, erékùṣù ni òun náà, ó sì tó 1,500 máìlì sí wọn. Kò sí ibi tí ọkọ̀ òfúrufú lè bà sí níbẹ̀. Láti Cape Town ni ọkọ̀ ojú omi ti ńlọ, yíò sì lo bí ọjọ́ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lójú omi.

Iná abẹ́ ilẹ̀ ni ó dá wọn. Òkúta yíyọ́ ńtú jáde láti ìsàlẹ̀ òkun, ó ńtutù, ó ńga lé orí ara rẹ̀, títí ó fi yọrí sókè. Tristan fúnrarẹ̀ ni ó tóbi jù. Orí òkè rẹ̀ ga ju 6,700 ẹsẹ̀ bàtà lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dúró bí ògiri, àfi pẹ̀tẹ́lẹ̀ kékeré kan tí ìlú wà. Àwọn ìyókù ni Nightingale, Gough, àti Inaccessible, tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ jẹ́ ibi tí a kò lè dé.

Ará Pọtogí kan, Tristão da Cunha, ni ó rí wọn li ọdún 1506, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ńpè wọ́n, ṣùgbọ́n kò tẹ̀dó síbẹ̀. Li ọdún 1815 àwọn Gẹ̀ẹ́sì rán Napoleon, ọba ilẹ̀ Faransé tí nwọ́n ṣẹ́gun, lọ sí ìgbèkùn ní Saint Helena. Ẹ̀rù mbà wọ́n kí àwọn ènìà rẹ̀ má ba gba Tristan wá yọ ọ́, nítorínáà nwọ́n kó sójà síbẹ̀ li ọdún 1816. Nígbàtí a pe àwọn sójà náà padà li ọdún 1817, ọ̀kan nínú wọn, William Glass, ará Scotland, bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí òun dúró pẹ̀lú aya òun àti ọmọ òun. Àwọn díẹ̀ bá a dúró.

Li oṣù kọkànlá ọdún náà nwọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn: pé ẹran ọ̀sìn àti ohun ìní jẹ́ ti gbogbo wọn bákan náà, pé ọgbọọgba ni nwọ́n ó pín èrè àti ìnáwó, àti pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọdọ̀ fi ara rẹ̀ ṣe ọ̀gá ẹnìkejì.

Ṣùgbọ́n ìlú kò lè jẹ́ ti ọkùnrin nìkan. Li ọdún 1827 àwọn àpọ́n ibẹ̀ bẹ ọ̀gá ọkọ̀ kan kí ó bá wọn wá aya ní Saint Helena, obìnrin márùn-ún sì gbà láti wá. Lẹ́hìn èyí ni ará Holland kan dé, àti àwọn ará Amẹ́ríkà tí ńpa ẹja àbùùbùtán, àti ará Ítálì méjì tí ọkọ̀ wọn fọ́ síbẹ̀ li ọdún 1892. Fún ìgbà pípẹ́, orúkọ ìdílé méje péré ni gbogbo ìlú ńjẹ́: Glass, Green, Hagan, Lavarello, Repetto, Rogers àti Swain.

Nwọ́n rí ìbànújẹ́ pẹ̀lú. Li ọdún 1885, ọkùnrin 15 wa ọkọ̀ lọ pàdé ọkọ̀ ńlá kan tí ńkọjá, kí nwọ́n lè bá a ṣe pàṣípààrọ̀ ọjà. Kò sí ọ̀kan tí ó padà. Opó kún ìlú.

Li ọdún 1961 ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí mì. Li oṣù kẹwàá iná là jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú gan-an. Gbogbo àwọn ará ibẹ̀, ènìà 264, sá lọ sí Nightingale, lẹ́hìn náà sí Cape Town, títí nwọ́n fi gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A fún wọn ní ibùgbé àti iṣẹ́. Iná mànàmáná wà, ọjà kún. Ṣùgbọ́n òtútù àti àìsàn àyà mbá wọn jà, ìgbésí aiyé kánjúkánjú sì sú wọn. Nígbàtí nwọ́n dìbò li oṣù kejìlá ọdún 1962, ènìà 148 wí pé àwọn yíò padà, 5 péré ni ó kọ̀. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Li ọdún 1963 nwọ́n délé. Òkúta iná ti bo ilé iṣẹ́ ẹja wọn mọ́lẹ̀, ó sì ti ba èbúté wọn jẹ́. Nwọ́n tún òmíràn kọ́, nwọ́n sì sọ ọ́ ní Calshot, orúkọ ibi tí a gbà wọ́n sí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Lónìí nwọn kò tó 250. Ànàmọ́ òyìnbó ni nwọ́n ńgbìn, edé ńláńlá inú òkun ni nwọ́n sì ńtà sí òkèèrè. Ti gbogbo ìlú ni ilẹ̀, àjèjì kò lè rà á. Iye ẹran tí ìdílé kọ̀ọ̀kan lè sìn sì ní òǹkà, kí ọlọ́rọ̀ má ba jẹ pápá mọ́ aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ńdá ẹgbẹ́ òwò sílẹ̀ lè ro ìwé Glass wò kí ó tó kọ tirẹ̀.