Ìfọwọ́sí nìkan kò tó: ìwọ̀n tó yẹ kí wọ́n fi wọn àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

Bí ìjọba kan ní Òṣogbo bá fẹ́ ka iṣẹ́ tó ṣe lórí ẹ̀kọ́ gíga, iye ilé tó kọ́ àti iye ilé-ẹ̀kọ́ tó dá sílẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kà. Bí àwọn alátakò bá sì dìde láti bẹnu àtẹ́ lu ìjọba náà, owó oṣù tí wọn kò san àti ìyanṣẹ́lódì ni wọn yóò tẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n òbí tó ta kòkó, tàbí tó kó owó àjọ, kó tó lè rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kò béèrè ju ohun méjì lọ: ṣé ọmọ náà yóò parí ní ọdún tí wọ́n dá fún un? Nígbà tó bá sì parí, ṣé iṣẹ́ tó lọ kọ́ yóò mọ́ ọn lọ́wọ́? Ìbéèrè méjèèjì yìí gan-an ni ìgbéléwọ̀n tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga kì í fi bẹ́ẹ̀ dáhùn.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ọ̀rọ̀ kàn

Nígbà tí wọ́n yọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lára Ọ̀yọ́ àtijọ́ ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, ọdún 1991, kì í ṣe ọwọ́ òfo ló fi bẹ̀rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni àgbà ti wà ní Iléṣà àti ní Ìlá Ọ̀ràngún. Ìrèé àti Ẹ̀sà-Òkè náà ti jẹ́ ẹ̀ka Poli Ìbàdàn kí ìpínlẹ̀ tuntun náà tó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di ilé-ẹ̀kọ́ tó dá dúró. Ní oṣù kejìlá ọdún 2006, lásìkò ìjọba Ọmọọba Ọlágúnsóyè Oyinlọlá, àjọ NUC tó ń mójútó àwọn yunifásítì fọwọ́ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, UNIOSUN. Ìlú mẹ́fà ni wọ́n pín in sí: Òṣogbo, Òkukù, Ìkirè, Ẹ̀jìgbò, Ìfẹ́tẹ̀dó àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, bí sáà ìjọba Gómìnà Gbóyèga Oyètọ́lá ṣe ń parí lọ, ó buwọ́ lu òfin tó sọ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni Iléṣà di Yunifásítì Iléṣà. Ìjọba Gómìnà Adémọ́lá Adélékè tó gbapò lọ́wọ́ rẹ̀ ló mú un bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2023. Èyí já sí pé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nìkan, owó ìpínlẹ̀ ń gbọ́ bùkátà Yunifásítì Iléṣà, ọgbà UNIOSUN tó wà ní Ìpetu àti ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Ẹ̀sà-Òkè.

Bí wọ́n ṣe ń fún wọn ní máàkì

Kì í ṣe ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń fún ilé-ẹ̀kọ́ ní ìfọwọ́sí. NUC ló ń yẹ yunifásítì wò, NBTE ló ni ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gbogboníṣe, NCCE sì ni ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Ohun tó yẹ kí òbí mọ̀ ni pé kì í ṣe odidi yunifásítì ni wọ́n ń fún ní máàkì nínú àyẹ̀wò yìí, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni. Ẹ̀kọ́ kan lè gba ìfọwọ́sí kíkún nínú ọgbà kan náà tí òmíràn ti pàdánù tirẹ̀.

Nínú ìlànà tí NUC fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, máàkì 100 ló wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ gba 32. Ilé, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti ohun èlò gba 25. Ohun tí wọ́n ń kọ́ àti bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ gba 23. Ilé ìkàwé gba 12, ètò owó gba 5. Èrò àwọn agbanisíṣẹ́ nípa àwọn tó jáde níbẹ̀ gba 3 péré. Ẹ̀kọ́ tó bá gba 70 sókè, tó sì tún gba ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ìpín mẹ́rin àkọ́kọ́ tó tóbi jù, yóò ní ìfọwọ́sí kíkún fún ọdún márùn-ún. Èyí tó bá gba 60 sókè àmọ́ tí kò kún ojú òṣùwọ̀n yẹn yóò gba ti ọdún méjì, kó lè tún ilé rẹ̀ ṣe. Èyí tí kò bá tó 60 yóò pàdánù ìfọwọ́sí, kò sì gbọdọ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun.

Ìlànà yìí wúlò. Òun ló ń dá ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní olùkọ́ lẹ́kun pé kí ó má ṣe máa gba owó lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ní nílé ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń kà. Lóòótọ́, àwọn olùyẹ̀wò máa ń wo ìwé ìdánwò àti iṣẹ́ ìwádìí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, síbẹ̀ ohun tí ọmọ náà lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn tó bá jáde kò gbà ju máàkì mẹ́ta lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ sì ti máa ń mọ ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀. Ẹ̀sùn tó ti pẹ́ káàkiri Nàìjíríà ni pé àwọn kan máa ń yá olùkọ́ àti ohun èlò fún ọ̀sẹ̀ àyẹ̀wò, tí wọn yóò sì dá wọn padà lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí máàkì kò fi hàn

Ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn UNIOSUN jẹ́ àríkọ́gbọ́n. Ọdún 2007 ni yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Nígbà tó tó àkókò kí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà kúrò nídìí ìwé, kí wọ́n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn, yunifásítì kò ní ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ tirẹ̀. Ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ LAUTECH wà ní Òṣogbo kan náà, ṣùgbọ́n ti yunifásítì tí Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun jọ ni ni, àwọn ìpínlẹ̀ méjèèjì sì ń fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ títí dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní ọdún 2013, ìjọba Ọ̀gbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá kó àwọn ọmọ náà lọ sí ìlú Kharkiv ní orílẹ̀-èdè Ukraine láti lọ parí ẹ̀kọ́ wọn. Oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni wọ́n tó pín LAUTECH: yunifásítì di ti Ọ̀yọ́ nìkan, ilé-ìwòsàn Òṣogbo di ti Ọ̀ṣun, ó sì di ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ UNIOSUN. Ohun tí wọ́n wá kiri dé Ukraine wà láàárín ìlú. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ń béèrè lọ́dọọdún pé ọjọ́ wo ni àwọn tó wọlé yóò jáde, àìsí ilé-ìwòsàn yẹn ì bá ti hàn kedere láti ọdún kejì tàbí ìkẹta.

Ti owó oṣù náà kò yàtọ̀. Àtẹ máàkì ń ka orí olùkọ́ àti ìwé-ẹ̀rí wọn, kì í ka iye oṣù tí wọ́n fi gbowó. Apá tó pọ̀ nínú ọdún 2016 àti 2017 ni LAUTECH fi wà ní títì nítorí owó tí àwọn ìjọba méjèèjì kò san. Olùkọ́ tó ní oyè ọ̀mọ̀wé ṣùgbọ́n tí kò sí ní kíláàsì kò ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ní àǹfààní kankan.

Ibi tí Iléṣà dúró

Ìdí nìyí tí ojú fi gbọ́dọ̀ wà lára Yunifásítì Iléṣà. Kí ẹ̀kọ́ tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì, NUC máa ń wá wo ohun tó wà nílẹ̀. Àyẹ̀wò ìfọwọ́sí gan-an a tún máa tẹ̀ lé e nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ bá ti rìn jìnnà nínú ẹ̀kọ́ wọn. Nítorí náà, àṣẹ ìbẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀rí pé iṣẹ́ náà yanjú. Yàtọ̀ sí èyí, ilé-ẹ̀kọ́ tó ti ń kọ́ni fún ìwé-ẹ̀rí NCE nílò olùkọ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ àti yàrá ìwádìí tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àpótí owó kan náà ni yóò sì máa bọ́ òun àti UNIOSUN.

Ohun tí àwọn mìíràn ti dán wò

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Tennessee ti bẹ̀rẹ̀ sí í so apá kan owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga mọ́ àbájáde iṣẹ́ wọn láti ọdún 1979. Láti ọdún 2015 sì ni ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ ti ń gbé iye àwọn tó parí ẹ̀kọ́, gbèsè tí wọ́n jẹ àti owó tí wọ́n ń gbà lẹ́nu iṣẹ́ jáde fún gbogbo ayé. Ewu wà níbẹ̀ ṣá o. Bí owó bá so mọ́ iye ẹni tó jáde, ilé-ẹ̀kọ́ lè mú ìdánwò rọrùn, tàbí kí ó sá fún ọmọ tálákà tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tíì dán mọ́rán. Nítorí náà, kò yẹ kí Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìjìyà. Ìṣípayá ló yẹ kó kọ́kọ́ wá.

Ohun tó yẹ kí ìpínlẹ̀ máa gbé jáde lọ́dọọdún kò pọ̀: nínú gbogbo ẹni tó wọlé lọ́dún kan, mélòó ló jáde lásìkò? Oṣù mélòó ni ilé-ẹ̀kọ́ fi wà ní títì? Ẹ̀kọ́ wo ló ní ìfọwọ́sí, ọdún wo ni yóò sì tán? Mélòó ló yege ìdánwò àwọn àjọ tó ń fi ọwọ́ sí iṣẹ́ dókítà, nọ́ọ̀sì àti agbẹjọ́rò? Kí sì ni àwọn tó jáde ń ṣe lẹ́yìn ọdún méjì? Ọ̀pọ̀ nínú ìdáhùn yìí wà nínú ìwé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà tẹ́lẹ̀.

Láyé àtijọ́, àwọn Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò aṣọ tí wọ́n ń pè ní òṣómàáló a máa ta ọjà ní àwìn, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ owó bá pé, wọn yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn kò sì ní dìde títí owó wọn yóò fi pé. Àwọn òbí Ọ̀ṣun ti san owó tiwọn ṣáájú, nínú owó ilé-ẹ̀kọ́ àti nínú owó orí. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti béèrè ìṣirò ọjà náà lọ́dọọdún, kí ọmọ tó lo ọdún mẹ́fà nídìí ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin.