Ẹ̀wọ̀n-Ṣúgà Inú Olú àti Kókó Ara: Àbá lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí Mẹ́ta

Bí a bá ń túmọ̀ ìwé ìṣègùn sí èdè Yorùbá, àṣìṣe nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè mú kí aláìsàn pa ìtọ́jú rẹ̀ tì. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀-ìperí mẹ́ta wò nínú ìmọ̀ nípa àwọn olú tí a fi ń ṣe oògùn. Àpẹẹrẹ wa ni lentinan, èròjà inú olú shiitake. Ní ọdún 1969, Goro Chihara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Jàpáánì kéde pé èròjà olú yìí dènà ìdàgbà kókó lára èkúté.

Èkíní ni orúkọ irú èròjà bẹ́ẹ̀. A lè pè é ní ọ̀pọ̀-ṣúgà, kí ó bá ti Òyìnbó mu, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ yóò rò pé ohun dídùn ni. Glúkóòsì tí ó so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n, tí ó sì yọ ẹ̀ka, ni lentinan. Nítorí náà a dábàá ẹ̀wọ̀n-ṣúgà. Ọ̀rọ̀ yìí yóò bá sítáṣì inú iṣu pàápàá mu.

Èkejì ni kókó ara. Ẹ má ṣe jẹ́ kí á fi jẹjẹrẹ rọ́pò rẹ̀. Kókó ọ̀rá abẹ́ awọ kì í ṣe jẹjẹrẹ. Bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kì í sábà ní kókó.

Ẹ̀kẹta ni ó ṣòro jù. Ògbufọ̀ tí ó bá kọ apakókó ti ṣi òǹkàwé lọ́nà, nítorí lentinan kì í fúnra rẹ̀ pa kókó. Ara ènìyàn kì í ṣe irú ẹ̀wọ̀n-ṣúgà bẹ́ẹ̀; nítorí náà àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ a kà á sí àlejò, wọn a sì ta jí. Ní ọdún 1985, Jàpáánì fọwọ́ sí i fún jẹjẹrẹ inú ikùn tí iṣẹ́ abẹ kò ràn tàbí tí ó tún padà wá. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi fún aláìsàn níbẹ̀ nígbà náà, pẹ̀lú oògùn jẹjẹrẹ mìíràn. Ẹni tí ó se shiitake jẹ kò tíì lo oògùn náà. Fún èròjà olú tí ìwádìí rẹ̀ kò tíì parí, a dábàá agbára ìdènà-kókó tí a ń wádìí. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣèlérí ìwòsàn fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí ó bá ní àbá tí ó sàn jù, kí ó mú un wá. Kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí aláìsàn yóò ṣe bí ó bá kà á.